Èkuru Jéró ní Ìgàndó

Ọkọ̀ tó ń ti Ìyànà Ìpájà lọ sí Ìkòtún kì í tètè dé, bí awakọ̀ rẹ̀ tiẹ̀ ń sáré. Ẹ̀gbẹ́dá á dá a dúró, Ìṣẹri á dá a dúró, Ìdímù náà á sì gba tirẹ̀. Èrò ló pọ̀. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, èèyàn 1,277,714 ni wọ́n kà sí ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ nìkan, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn l'Ékòó tó ní tó bẹ́ẹ̀ nínú ìwé náà. Láti ìgbà yẹn, wọn ò yéé kọ́lé. Ẹni tó bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé á rí i pé oúnjẹ ni wọ́n ń tà jù lójú ọ̀nà yìí: àkàrà nínú epo gbígbóná, àgbàdo sísun, búrẹ́dì Agége lórí àtẹ, mọ́ínmọ́ín inú ike, ẹ̀wà àgànyìn lórí ẹni tó ń kiri.

Jéró ni mo ń wá lọ ní tèmi. Mo fẹ́ fi ṣe idli, oúnjẹ àárọ̀ àwọn ará gúúsù ilẹ̀ Índíà. Ẹni tí kò bá tíì rí idli rí, kó ro èkuru tí wọn kò sè nínú ewé. Ó funfun, ó rí roboto, ooru omi ni wọ́n fi ń sè é, wọn kì í fi ata tàbí epo sí i, ọbẹ̀ ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́. Láti Tamil Nadu títí dé Karnataka, ìrẹsì àti urad ni wọ́n ń lọ̀ fún un. Ẹ̀wà wẹ́wẹ́ kan ni urad, èèpo rẹ̀ dúdú, inú rẹ̀ funfun. Àmọ́ ní ayé ìsinsìnyí, ọ̀pọ̀ alásè ibẹ̀ ti ń yọ ìrẹsì kúrò, wọ́n ń fi àwọn ọkà oníwóró kéékèèké tí àwọn ìyá wọn àgbà ń jẹ sí ipò rẹ̀: thinai, samai, ragi, kambu. Kambu yìí gan-an ni jéró tí àwọn Àlàájì ń tà ní Ìkòtún.

Bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn ló wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìhà ibí ni jéró ti gbéra. Ní àfonífojì Tilemsi ní orílẹ̀-èdè Mali, àwọn awalẹ̀pìtàn rí àpáàdì tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bí 4,500 ọdún. Ẹni tó mọ ìkòkò náà ti po ìyàngbò jéró mọ́ amọ̀ kí amọ̀ má baà sán. Iná jó ìyàngbò dànù, ojú rẹ̀ kù sára àpáàdì, ibẹ̀ ni wọ́n ti wò ó tí wọ́n fi mọ̀ pé jéró tí èèyàn gbìn ni, kì í ṣe èyí tó lalẹ̀ hù. Ní nǹkan bí 3,700 ọdún sẹ́yìn, jéró ti wà lóko ní Índíà. Ẹ̀wà wa náà bá a lọ. Ẹ̀wà funfun tí a fi ń dín àkàrà, Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni orírun rẹ̀, ó sì ti di ará ilé lọ́hùn-ún láti ayébáyé. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan ní Ẹ̀gbẹ́dá bi mí pé kí ló kàn mí nínú oúnjẹ àwọn Índíà, mo ní ohun méjèèjì tó máa wọ ìkòkò náà, ọmọ ilẹ̀ wa tó lọ sájò ni wọ́n.

Kàkà bẹ́ẹ̀, bí àwa ará ìsàlẹ̀ yìí ṣe fi jéró sílẹ̀ fún àwọn Hausa ló yẹ ká máa bèèrè. Bí jéró bá wọ ilé Yorùbá, inú tọ́ọ̀mù bíráùn ọmọdé ló máa bá ara rẹ̀, tàbí kí wọ́n pò ó mọ́ ọkà bàbà fún ògì. Àgbàlagbà tó fi jéró ṣe oúnjẹ tó ṣeé bù jẹ níwájú àlejò, ẹ wá a kí ẹ rí i.

Ẹni tí mo ń lọ bá ní Ìgàndó, Àǹtí ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bí èmi náà ṣe ń pè é nìyẹn. Ó ti dáná fún ìdílé ará Tamil Nadu kan rí ní Ìlúpéjú, níbi tí àwọn ará Índíà pọ̀ sí débi pé wọ́n ní ilé ìwé tiwọn. Nígbà tí ìdílé náà fẹ́ padà sílé, ìyá ilé fa ìkòkò idli rẹ̀ lé e lọ́wọ́: àwọn àwo irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ní kòtò roboto-roboto, tí wọ́n tò léra lórí òpó kan, tí wọ́n á gbé sínú ìkòkò ńlá. Ó ti ránṣẹ́ ọjà sí mi lórí fóònù kí n tó wọkọ̀.

“Jéró kóńgò kan, ẹ̀wà ìdajì kóńgò. Má ra èyí tí kòkòrò ti jẹ o. Má sì jẹ́ kí wọ́n bá ẹ lọ̀ ọ́ lọ́jà, a kì í lọ̀ ọ́ ní gbígbẹ.”

Ọjà Ìkòtún bẹ̀rẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró. Láti rọ̀ńdábáòtù ni àwọn aláta, aláṣọ, oníbàtà àti àwọn tó ń polówó oògùn eku ti gba ẹ̀gbẹ́ títì, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ á kọ́kọ́ tọrọ ọ̀nà. Àdúgbò tó ti mọ àlejò ni. Ṣọ́ọ̀ṣì Synagogue tí olóògbé T.B. Joshua dá sílẹ̀ kó èrò wá síbẹ̀ láti ìlú òkèèrè fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn olótẹ́ẹ̀lì jẹ níbẹ̀, àwọn alásè jẹ níbẹ̀. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí mo dárúkọ idli fún tó mọ ohun tí mò ń sọ, mo sì bi àwọn èèyàn.

Ibi tí àwọn Hausa ń tò sí lẹ́yìn ọjà ni mo lọ. Àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò, ẹnu wọn ká sẹ́yìn: ẹ̀wà ọlọ́yin, ọkà bàbà pupa, sóyà, ẹ̀pà, jéró. Jéró kò tó ọkà bàbà ní títóbi. Àwọ̀ rẹ̀ jọ eérú, àwọ̀ ewé sì tún fara hàn díẹ̀ nínú rẹ̀. Orí wóró náà kan yọ gọnbu, orí kejì ṣe ṣóńṣó. Mo ti ọwọ́ bọ àpò, ó tutù dé ọrùn ọwọ́.

“Àlàájì, ẹ kú ọjà o. Èló ni kóńgò jéró?”

Ó dá mi lóhùn, ó tún bi mí pé, “Ọ̀gá mi, kúnú lẹ fẹ́ ṣe ni àbí tọ́ọ̀mù bíráùn?”

“Rárá o. Èkuru ni.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó pe ẹnìkejì rẹ̀, ó sọ ọ́ ní Hausa, ìyẹn náà rẹ́rìn-ín. “Ọ̀gá mi, jéró kì í ṣe èkuru. Màsà ni kí ẹ fi ṣe.”

A dúnàá dúrà díẹ̀, ṣùgbọ́n orí kóńgò gan-an ni àríyànjiyàn wà. Gbogbo ẹni tó ń ra nǹkan l'Ékòó mọ èyí: kóńgò tó tẹ́jú, èrè ọlọ́jà ni; kóńgò tó gun orí, èrè oníbàárà. Ó rọ́ ọ, ó gun orí, ó sì tún ju ẹ̀kúnwọ́ kan lé e fún ẹ̀rín tí mo pa á.

Láti Ìkòtún sí Ìgàndó kò jìnnà, kẹ̀kẹ́ Márúwá ń ná an. Òórùn Solous ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn káàbọ̀. Ààtàn ìjọba ni, ó ti ga ju ilé lọ láwọn ibì kan, àwọn tó ń ṣa ike àti irin sì wà lórí rẹ̀ lójoojúmọ́. Ará Ìgàndó kì í bo imú mọ́. Àlejò nìkan ni wọ́n fi ń mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọsibítù ìjọba Alímọ̀ṣọ́, lẹ́yìn náà ni ilé Àǹtí.

Kò jẹ́ kí n jókòó pẹ́. Ó da jéró sórí àtẹ, ó ní kí n ṣa òkúta. Iṣẹ́ tí àwọn tó ń kọ̀wé nípa oúnjẹ àtijọ́ kì í dárúkọ nìyí. Òkúta inú jéró kéré bíi jéró fúnra rẹ̀, àwọ̀ wọn sì fẹ́ẹ̀ jọ ara wọn. Àǹtí kàn ń mi àtẹ, ó ń fẹ́ ẹ, òkúta ń kó ara jọ sí igun kan fún un. Fún èmi, kò gbà. Lẹ́yìn tí a ṣà á tán, ó fọ̀ ọ́ títí omi fi mọ́, ó rẹ ẹ́ sómi lọ́tọ̀. Ẹ̀wà náà, ó rẹ ẹ́ sómi lọ́tọ̀, ó sì gbé e fún mi pé kí n bó o. Mo fi ọwọ́ méjèèjì ra á, èèpo léfòó, mo dà á nù, mo tún bu omi míì.

Mo bi í pé kí ló dé tí a fi lo ẹ̀wà tó tó ìdajì jéró, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ará Índíà máa ń fi urad ẹyọ kan sí ìrẹsì mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

“Urad lágbára ju ẹ̀wà wa lọ,” ni ó wí. “Tí o bá lọ̀ ọ́, ó máa ń yọ̀ bí ilá. Yíyọ̀ yẹn ló ń di afẹ́fẹ́ mú. Ẹ̀wà wa ò yọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó ní láti pọ̀ kó tó ṣiṣẹ́ ẹ̀.”

Ìyá kan náà ló bí urad àti ẹ̀wà funfun lójú àwọn onímọ̀ ewéko: Vigna ni orúkọ ìdílé wọn. Àǹtí ò mọ ìyẹn, kò sì nílò rẹ̀.

Nígbà tí ó tó àkókò àti lọ̀ ọ́, wọ́n ti mú iná lọ, bẹ́lẹ́ńdà di ọ̀ṣọ́. A gbé e lọ sí ẹ̀rọ. Ata ni ẹ̀rọ yẹn ti ń lọ̀ látàárọ̀, tàtàṣé rẹ̀ ṣì pọ́n lẹ́nu rẹ̀. Àǹtí dúró ti ọmọkùnrin tó ń lò ó.

“Fọ̀ ọ́.”

“Mo ti fọ̀ ọ́, Ìyá.”

“Tún un fọ̀. Èmi ò ní jẹ èkuru tó ń ta.”

Ọmọkùnrin náà tún un fọ̀, ó sì fi ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀wà kan lọ̀ ọ́ dànù kí tiwa tó wọlé. Ẹ̀wà ló kọ́kọ́ lọ̀, ó kúnná dáadáa. Jéró tẹ̀lé e, wọn ò jẹ́ kó kúnná tó bẹ́ẹ̀, ó ní láti ṣẹ́ kù wínníwínní díẹ̀. Omi ni ìjà wà lé lórí. Ọmọkùnrin náà ń fẹ́ bu omi sí i kí iṣẹ́ rẹ̀ lè yá, Àǹtí di etí àgé mú. Èyí tó bá ṣàn kì í wú, ó ti mọ̀ ọ́n láti ìdí èkuru ìyá rẹ̀, kó tó mọ ará Índíà kankan.

Nílé, ó fi iyọ̀ sí i, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó. Ó ń gbé e láti ìsàlẹ̀, ó ń yí i padà, ó ń gbá a mọ́ ara agbada. Bí a ṣe ń po èkuru gẹ́lẹ́ nìyẹn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó bù ú kán sínú ife omi. Ó léfòó. Ó dà á sínú ìkòkò tó tóbi ju ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì, ó bò ó, ó sì gbé e sí kọ̀rọ̀ kíṣìnì di òwúrọ̀.

Kò sí ìwúkàrà tí a bù sí i. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé lára ọkà àti ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ náà. Nínú idli, èyí tó ń jẹ́ Leuconostoc mesenteroides ni àwọn onímọ̀ rí pé ó ń tú afẹ́fẹ́ sí i kó lè wú. Àwọn ìbátan rẹ̀ ló ń kan ògì wa. Ooru ni wọ́n fẹ́. Àwọn ará Índíà tó ń gbé ní ìlú òtútù máa ń wá ibi tó móoru nínú ilé fún agbada wọn. Ní Ìgàndó, gbogbo ilé ló móoru, pàápàá nígbà tí iná kò sí tí fáànù dákẹ́. Fún ẹ̀ẹ̀kan, àǹfààní wà nínú rẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé idli tí kò ní ìrẹsì kì í ṣe idli gidi. Ìwé àtijọ́ kò gbè wọ́n. Nínú Vaddaradhane, ìwé èdè Kannada tí Shivakotiacharya kọ ní nǹkan bí ọdún 920, orúkọ rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1130, ọba Someshvara Kẹta tún kọ nípa rẹ̀ nínú Manasollasa. Urad nìkan ni wọ́n fi ń ṣe é nínú ìwé méjèèjì, K.T. Achaya, òpìtàn oúnjẹ ilẹ̀ Índíà, ló tọ́ka sí i pé ìrẹsì kò tíì sí nínú rẹ̀ nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí pé wọ́n ń gbé e kalẹ̀ kó kan, tàbí kí wọ́n fi ooru omi sè é. Ìrẹsì dé lẹ́yìn, ó sì lè lọ. Nígbà ogun àgbáyé kejì, tí àwọn ará Japan gba Bọ́mà tí ìrẹsì sì wọ́n, ilé oúnjẹ MTR ní Bengaluru sọ pé àwọn fi sẹmó ṣe idli, wọ́n ṣì ń jẹ ẹ́ títí di òní. Ogun yẹn kan náà ló kó àwọn ọmọ wa lọ sọ́hùn-ún; ẹ̀ka ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó ń jẹ́ 81 gúnlẹ̀ sí Índíà ní 1943 kí wọ́n tó kọjá sí Bọ́mà. Mo mọ àwọn ilé tí bàbá àgbà ti bá wọn lọ. Ìtàn ìbọn àti ẹfọn ni wọ́n gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bi í nípa ohun tó jẹ.

Òwúrọ̀ dé, ìkòkò ti kún dé ẹnu. Ihò wẹ́wẹ́ kún ojú rẹ̀, ó ń ṣẹ́ yín-ín yín-ín, òórùn omidun sì ń jáde lára rẹ̀. Àǹtí kò jẹ́ kí n rò ó. Afẹ́fẹ́ tó ti wọ̀ ọ́ látàná á sá lọ. Ó fi òróró díẹ̀ pa kòtò àwọn àwo náà, ó rọra bù ú sí wọn, ó tò wọ́n sórí òpó, ó gbé wọn wọ ìkòkò tí omi ti ń hó ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Omi kò gbọ́dọ̀ kan àwo. Ìṣẹ́jú 15 tó o. Ó ki ọ̀bẹ bọ ọ̀kan, ọ̀bẹ jáde láìdọ̀tí, ó sì jẹ́ kó simi díẹ̀ kó tó fi ṣíbí olómi yọ ọ́.

Èyí tó kù, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí a pọ́n ọn sí ewé. Ewé eéran wà ní ọ̀dọ̀ alátẹ tó wà níwájú ilé. Ó tẹ́ igi ewé sí ìdí ìkòkò, ó ká ewé, ó bù ú sí i, ó ṣẹ́ ìdí rẹ̀, ó tò wọ́n ní ìdúró. Èyí pẹ́ ju ti àwo lọ dáadáa. Ní ìhà Mangalore, wọ́n ní idli tí wọ́n ń sè nínú ewé igi jackfruit tí wọ́n gún pọ̀ di ife, nítorí náà kò sí ẹni tó lè sọ pé àdàmọ̀dì ni a ṣe. Ní tèmi, ti ewé dùn ju ti àwo lọ, kì í ṣe díẹ̀. Ewé ń fi òórùn tirẹ̀ kún un. Ẹni tó ń pọ́n mọ́ínmọ́ín sí láílọ́nù, kó dákẹ́ nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ.

Kò funfun. Jéró kì í jẹ́ kó funfun. Ó wúwo lọ́wọ́ ju ti ìrẹsì lọ, ó kan díẹ̀, ìkorò kékeré kan sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọ̀nà ọ̀fun, irú èyí tó wà nínú kúnú tí ṣúgà kò tíì bà jẹ́. Àǹtí ti lọ àgbọn pẹ̀lú ata tútù àti atalẹ̀, bí ìyá Tamil ṣe kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ata díndín tí wọ́n fi ń jẹ èkuru, tí edé pọ̀ nínú rẹ̀ tí epo ti yọ lójú rẹ̀, òun ló bá a mu jù. Bàbá onílé gba ẹ̀yìn fèrèsé kọjá, ó yọjú.

“Ìyá, kí lẹ ṣe fún èkuru yín tó fi dúdú báyìí?”

“Jéró ni, Bàbá. Ẹ wọlé ẹ wá jẹ.”

Ó jẹ ẹ́, ó sì tún na àwo rẹ̀. Ó ní òun gbọ́ pé jéró ń wo ìtọ̀ ṣúgà. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń kárí ìlú. Jéró ní okun nínú, irin àti fáíbà wà nínú rẹ̀ ju inú ìrẹsì funfun lọ, ó sì dára kí ẹni tí dókítà ní kó dín ìrẹsì kù mọ̀ ọ́n. Oògùn kọ́ ni o. Ẹni tó bá jẹ mẹ́wàá nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọkà mẹ́wàá náà ló jẹ.

Ní oṣù kẹta ọdún 2021, àpapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fọwọ́ sí i pé kí 2023 jẹ́ ọdún jéró àti àwọn ọkà kéékèèké ẹgbẹ́ rẹ̀. Índíà ló gbé àbá náà wá, Nàìjíríà sì wà nínú ìwọ̀nba orílẹ̀-èdè tó kọ́kọ́ dúró tì í. Índíà fi ọdún náà ṣe nǹkan: wọ́n ti kéde ọdún ọkà tiwọn ní 2018, ìjọba ń polówó rẹ̀, àwọn ilé oúnjẹ sì gbé idli kambu àti ragi sórí ìwé oúnjẹ wọn. Ní tiwa, mi ò rí ohun tó fi hàn ní Ìkòtún pé irú ọdún bẹ́ẹ̀ kọjá. Àlàájì tó ta jéró fún mi kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Aláṣọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bi mí bóyá wọ́n pín owó.

Ohun tó ń dí jéró lọ́wọ́ ní Alímọ̀ṣọ́ kì í ṣe ìmọ̀, kì í sì í ṣe adùn. Òkúta inú rẹ̀ ni, ẹ̀rọ tó ń lọ ata ni, àti gáàsì tí ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ owó. Ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin láti bá wọn wọ ọkọ̀ Òṣòdì kò ní ṣa òkúta. Ìrẹsì kò ní kó ṣa púpọ̀ mọ́, búrẹ́dì kò ní kó ṣe nǹkan kan. Bí ẹnìkan bá ń ṣà á tó sì ń lọ̀ ọ́ tà ní tútù, bí a ṣe ń ra ògì nínú láílọ́nù, mo gbà pé Ìgàndó á rà á. Àǹtí ní òun ti rò ó. Fíríìjì ni kò gbẹ́kẹ̀ lé.

Àpòpọ̀ ṣẹ́ kù, ó sì kan jù láti fi ṣe idli ní ọjọ́ kejì. Àwọn Tamil ní pẹpẹ irin oníkòtò fún irú èyí, wọ́n á fi òróró yan án, paniyaram ni wọ́n ń pè é. Àǹtí kò ní irú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ lọ yá ti ìyá Hausa tó ń dá màsà ní ìtòsí ọsibítù, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, kòtò rẹ̀ rí gẹ́lẹ́ bí a ṣe ń fẹ́. Òróró díẹ̀ sí kòtò kọ̀ọ̀kan, àlùbọ́sà gígé díẹ̀, àpòpọ̀ lé e, ó pọ́n nísàlẹ̀, ó yí i padà. Ó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ, Àlàájì kò purọ́. Mo jẹ ẹ́ ní ìdúró, Àǹtí sì di díẹ̀ sínú ewé fún mi. Mo wọ ọkọ̀ Ìyànà Ìbá ní iwájú ọsibítù, nítorí láti Ìyànà Ìbá ni ọ̀nà Bàdágìrì àti Sèmè ti lọ tààrà sí Kùtọ̀nù, níbi tí àwọn obìnrin ti ń fi ooru omi sè ablo, àgbàdo àti ìrẹsì lílọ̀ tí wọ́n jẹ́ kó wú, wọ́n sì ń fi ẹja díndín àti ata jẹ ẹ́.